Irun Àmútọ̀runwá

Ọ̀kan nínú àwọn ọba tó kọ́kọ́ jẹ ní Ọ̀yọ́ Ilé ni Àjàká, ọmọ Ọ̀rányàn, ẹ̀gbọ́n Ṣàngó. Dàda ni wọ́n tún ń pè é, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí irun orí rẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìwà tútù yìí ni àwọn ìjòyè rí tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lóyè, tí wọ́n fi Ṣàngó àbúrò rẹ̀ jọba. Nígbà tí Ṣàngó wọlẹ̀ tán, wọ́n tún lọ pe ẹ̀gbọ́n padà sórí ìtẹ́. Títí di òní, bí èèyàn jẹ́jẹ́ bá ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, àwọn àgbà á ní Dàda ò lè jà, àmọ́ ó lábùúrò tó gbójú.

Ìran tó ń tẹjú mọ́ irun ọmọ tuntun ni Yorùbá. Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìgè, Òjó, Àìná àti Òkẹ́ ṣe jẹ́ orúkọ tí ọmọ mú tọ̀run wá, bẹ́ẹ̀ ni Dàda ṣe jẹ́. Bàbá ọmọ kì í jókòó ro orúkọ náà. Orí ọmọ ló sọ ọ́. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, wọn kì í dédé fá irun Dàda, wọn kì í sì í fi òòyà kàn án. Àwọn òbí mìíràn a so owó ẹyọ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí wọn yóò bá gé e, wọn á se ẹ̀wà, wọn á ra ìrèké, wọn á pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ wá jẹ sàárà. Kódà nínú ilé onígbàgbọ́ tàbí ilé mùsùlùmí tí wọn kò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ṣì máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jẹ́ kí abẹ kan orí Dàda.

Ara Dàda le. Àwọn oníṣègùn kò ka irun rẹ̀ mọ́ àìsàn rárá. Inú ihò tóóró kan lábẹ́ awọ orí ni irun ti ń hù. Lára èèyàn dúdú, ihò náà tẹ̀ kọrọdọ, irun tó ń gba inú rẹ̀ jáde a sì pẹlẹbẹ díẹ̀, kì í rí róbótó. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ bó ti ń gùn. Bó bá lọ́ gan-an, tí wọn kò sì yà á, ọ̀kan á wé mọ́ èkejì, èkejì á wé mọ́ ẹ̀kẹta, títí tí yóò fi di ìdì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ń jẹun, ó ń rá, ó ń hu eyín lásìkò, èékánná rẹ̀ dán, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè lórí káàdì tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ. Ìyókù ara Dàda pé, ohun tó fi hàn pé àrùn kọ́ ló wà lórí rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọ kan wà tí irun tiwọn náà yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìyókù ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì pé bíi ti Dàda. Irun wọn ń já kí ó tó gùn tó ìka kan. Tàbí kí ó fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí ti bàbá àti ti ìyá. Inú ẹbí ló sábà máa ń ti wá, nínú jíìnì tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Wọn kò wọ́pọ̀: dókítà lè ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kó má pàdé ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni ìyà wọn ṣe pọ̀ tó, nítorí nígbà tí wọn yóò bá fi mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, ìyá rẹ̀ ti jẹ ẹ̀sùn yó.

Irun tó ti yọ síta ti kú. Ìdí rẹ̀ lábẹ́ awọ ló wà láàyè, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kún fún purotéènì kan tó ń jẹ́ kẹ́ràtíìnì, tí wọ́n sì ń gbẹ bí wọ́n ti ń sún sókè. Kẹ́ràtíìnì yìí náà ló wà nínú èékánná, nínú ìwo àgbò àti pátákò màlúù. Irun kan ṣoṣo dà bí okùn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán òwú lọ́ pọ̀: fọ́nrán kẹ́ràtíìnì ló kún inú rẹ̀, èèpo tín-ín-rín sì bò ó lóde. Imí-ọjọ́ tó wà nínú kẹ́ràtíìnì ló ń di fọ́nrán kan mọ́ èkejì, òun náà ló sì ń rùn nígbà tí irun bá kan iná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ló ń ṣètò iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ní àléébù, irun á sọ ọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn ìyá mọ̀ kí àyà wọn má baà já lásán. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2001, fi hàn pé irun èèyàn dúdú ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 8 lóṣù, nígbà tí ti òyìnbó ń gùn ní nǹkan bíi 12. Irun ọmọ tí kò tètè gùn kì í ṣe àrùn. Irun tó ń já fúnra rẹ̀, tí wọn kò tíì dì, tí wọn kò fi kẹ́míkà kàn, ni ó yẹ kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ onígbàjámọ̀ máa ń kan orí ọ̀pọ̀ ọmọ kí ó tó pé oṣù kan. Ilé mùsùlùmí a fá orí ọmọ nígbà àkíkà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fá irun ìkókó kí irun tó nípọn lè hù dípò rẹ̀. Abẹ kò lè mú irun nípọn, kò sì lè sọ ọ́ di tín-ín-rín, nítorí kò dé ìdí ibi tí irun ti ń hù. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí ti kó bá onígbàjámọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìtàn àrùn àkọ́kọ́ ló sì máa jẹ́ kí ó yé wa.

Ní 1879, Walter Smith, dókítà kan ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, kọ̀wé nípa irun tó ń wú, tó ń fún, tó tún ń wú, tó tún ń fún, láti ìdí dé ṣóńṣó, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Monilethrix ni orúkọ tí àwọn dókítà wá fún un. Àárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ibi tó bá sì ti fún ni irun ti ń já. Wọ́n lè bí ọmọ náà pẹ̀lú irun ìkókó tó dára, tí ẹnikẹ́ni kò rí àléébù lára rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, irun ìkókó yẹn re, èyí tó sì hù tẹ̀ lé e ni oní-ìlẹ̀kẹ̀. Orí á wá dà bí èyí tí wọ́n fá tí kò hù tán, pàápàá ní ìpàkọ́, níbi tí orí ọmọ ti ń ha ìrọ̀rí; àwọn kókó wẹ́wẹ́ á sì sú sí ìdí irun. Bó bá jẹ́ pé àárín ìgbà yẹn ni wọ́n fá orí rẹ̀, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe abẹ ló ba irun jẹ́?

Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ rí i pé inú àwọn jíìnì tó ń ṣe kẹ́ràtíìnì inú irun ni àléébù monilethrix wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, òbí kan ṣoṣo tó ní in ti tó: ìdajì ni ìrètí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí yóò ní in. Kì í pa ọmọ. Ọkàn, ọpọlọ àti egungun rẹ̀ pé. Irun náà lè sunwọ̀n sí i lára àwọn kan nígbà tí wọ́n bá bàlágà, tàbí nígbà tí obìnrin bá lóyún. Nínú gbogbo àwọn àrùn tí a ó sọ̀rọ̀ nípa wọn níhìn-ín, òun ló rọrùn jù láti gbé pẹ̀lú rẹ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ní ilé ìwé bá lè jẹ́ kó gbádùn.

Ti Menkes kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

New York ni John Menkes ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1962 nípa ọmọkùnrin márùn-ún nínú ìdílé kan. Ara wọn dá nígbà tí wọ́n bí wọn. Nígbà tó di nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, gìrì á máa mú un, orí tó ti ń dá dúró kò ní dá dúró mọ́. Irun rẹ̀ á funfun, á kúrú, á le, á sì máa lọ́ yí ara rẹ̀ ká. Kò sí èyí tó dàgbà nínú wọn. Menkes ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe rí, ó sì rí i pé ọkùnrin nìkan ló ń mú nínú ìdílé yẹn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń fà á.

Àgùntàn ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ní Melbourne, ní ilẹ̀ Australia, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Danks wo irun ọmọ tí àrùn yìí ń ṣe, ó sì rántí irun àgùntàn tó ń jẹko lórí ilẹ̀ tí kò ní bàbà tó. Àwọn tó ń sin àgùntàn ní Australia ti mọ̀ tipẹ́ pé bí bàbà bá wọ́n nínú koríko, irun àgùntàn á pàdánù ìlọ́po rẹ̀, á nà, á sì le. Àwọn ọmọ tí irú àgùntàn bẹ́ẹ̀ bá bí kì í lè fẹsẹ̀ rìn dáadáa. Danks yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò. Bàbà inú rẹ̀ kéré púpọ̀. Ó tẹ èyí jáde ní 1972, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìwé Menkes. Bàbà kò wọ́n nínú oúnjẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí o. Ìfun wọn ni kò lè gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. Láìsí bàbà, ara kò lè so fọ́nrán kẹ́ràtíìnì pọ̀ bó ti yẹ, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kò lè le, ọpọlọ kò sì lè dàgbà. Ní 1993 ni wọ́n rí jíìnì náà, ATP7A, lórí kírómósóòmù X.

Ẹ jẹ́ ká gbé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá kan bí ọkùnrin, ọmọ náà kú kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Ó bí obìnrin, èyí yè. Ó tún bí ọkùnrin, irun funfun kan náà tún jáde lórí rẹ̀, òun náà kú. Kò sí àgbàlagbà tí kò ní sọ pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, irun rẹ̀ ni wọ́n á sì fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á sọ èyí tó bá tẹ̀ lé e ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Ojú àwọn àgbà ríran: irun náà ni àmì tó so ikú kìíní mọ́ ikú kejì. Àmọ́ jíìnì kan ló ń gba ara ìyá tí ara rẹ̀ le kọjá sára àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ọ̀kan nínú méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbíkú nígbà tí ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ SS dé náà nìyí; ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ àbíkú.

Mímọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là. Ní 2008, Stephen Kaler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ tuntun 12 tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní àrùn Menkes láti ìgbà ìkókó, nítorí pé wọ́n mọ ìtàn ẹbí wọn. Wọ́n ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ bàbà kí àìsàn tó farahàn, púpọ̀ nínú wọn sì pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n kò tètè tọ́jú lọ; àwọn mélòó kan tilẹ̀ ń dàgbà bí ọmọ mìíràn. Abẹ́rẹ́ náà kò ṣe nǹkan púpọ̀ fún ọmọ tí gìrì ti ń mú. Ìdílé tó bá ti pàdánù ọmọkùnrin kan lọ́nà yìí ní láti sọ fún dókítà kí wọ́n tó bí òmíràn, kí ojú má ṣe tì wọ́n láti sọ ohun tó lè gba ọmọ tó ń bọ̀ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ohun tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ń rò bó bá rí ọmọ tí irun rẹ̀ pupa, tó fẹ́lẹ́, tó sì rọrùn láti fà tu, ni kwashiorkor. Wọn kò jẹ̀bi. Cicely Williams, dókítà tí wọ́n bí ní Jamaica, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Gánà ní 1933, tó sì fi orúkọ tí àwọn Gáà ń pè é tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1935. Irun ọmọ wà lára àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àìjẹ purotéènì tó pọ̀ tó sì ṣì ń bá àwọn ọmọ jà ní ìgbèríko. Ohun tó ya kwashiorkor àti àrùn irun inú ẹbí sọ́tọ̀ ni ọjọ́ orí. Kwashiorkor sábà máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, nígbà tó kù sórí ẹ̀kọ nìkan. Bí oúnjẹ bá padà dé, irun dúdú á tún hù. Irun tó ti burú nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú ìyá rẹ̀ yó, tí ẹ̀wà àti ẹyin kò sì yí i padà lẹ́yìn náà, ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Káàdì ìwọ̀n ọmọ wúlò púpọ̀ níbí, ilẹ̀ Yorùbá sì ni dókítà David Morley ti ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1960, ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìlà tó wà lórí káàdì á sọ ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, bóyá ṣáájú oúnjẹ líle ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Làpálàpá orí náà ń já irun ọmọdé, ilé ìwé ni wọ́n sì ti sábà máa ń kó o. Kì í bá ọmọ wáyé. Irun àfín sì yàtọ̀ pátápátá: àwọ̀ ni kò sí nínú rẹ̀, okun rẹ̀ pé.

Àrùn kan wà tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lè sọ di ewu ńlá. Charles Darwin kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1875, nípa ìdílé kan ní Sindh, tó wà ní Pakistan lónìí. Láàárín ìran mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́wàá ni eyín wọn kéré níye, tí irun ara wọn ṣọ̀wọ́n, tí awọ wọn gbẹ, tí ooru sì ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ọmọbìnrin ìdílé náà kò ní in, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń bí i fún àwọn ọmọkùnrin wọn. Ohun tó ń ṣe wọ́n kò ju pé awọ, irun, eyín àti ẹṣẹ́ òógùn jọ ń ti ibì kan náà hù nínú ọlẹ̀. Bí àléébù bá wọ ibẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa kàn. Ní 1996 ni wọ́n rí jíìnì rẹ̀. Àwọn dókítà eyín àti dókítà awọ ní Nàìjíríà náà ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ní in.

Ọmọ tí kò lè làágùn kò ní ọ̀nà tí ara rẹ̀ yóò gbà tutù. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru bá mú, ara rẹ̀ á gbóná janjan. Ìyá á ní ibà ni. Wọ́n á lo oògùn ibà, wọ́n á fún un ní àgbo, ara á tún gbóná lọ́la bí oòrùn bá ti gòkè. Bí wọ́n bá wò ó dáadáa, wọ́n á rí i pé irun orí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, irun ìpéǹpéjú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, eyín kò hù tàbí kí ó rí ṣóńṣó, awọ sì gbẹ táútáú nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń làágùn yọ̀bọ̀. Omi, aṣọ tútù, ìbòòji àti fáànù ni oògùn rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní láti mọ̀, nítorí eré sísá ní pápá ilé ìwé lọ́sàn-án gangan lè dá a dùbúlẹ̀.

Ní erékùṣù Naxos ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn ọmọ kan ń wáyé pẹ̀lú irun tó lọ́ wínníwínní láàárín àwọn ènìyàn tí irun wọn nà. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á nípọn, á le. Wọ́n á dàgbà dé ìgbà ọ̀dọ́, ọkàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹlòmíràn lè ṣubú lójijì kó sì kú. Nikos Protonotarios àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n so àmì mẹ́ta yìí pọ̀ ní 1986, ní 2000 sì ni wọ́n rí jíìnì náà. Purotéènì tí jíìnì yẹn ń ṣe ló ń di sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì, nínú irun, nínú awọ àti nínú ẹran ọkàn. Luis Carvajal-Huerta rí èyí tó fara jọ ọ́ ní Ecuador, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998.

Ìtàn Naxos yẹ kó fún àwọn dókítà ilẹ̀ wa ní ìṣọ́ra. Ní Gíríìsì, irun ló ń kígbe. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí irun gbogbo ènìyàn ti ń lọ́, tí irun Dàda sì lọ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ, àmì àkọ́kọ́ yẹn kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ní láti wò, kí wọ́n sì béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ṣubú lójijì tó sì kú ní ọ̀dọ́. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń fi sínú àyà tó lè dá ọkàn padà sípò; ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí wọ́n bá mọ ẹni tó nílò rẹ̀.

Àwọn méjì mìíràn ò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àrùn Netherton, tí Earl Netherton kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958, ń jẹ́ kí irun ní oríkèé bí oparun. Awọ ọmọ a máa pupa, a máa bó láti ọjọ́ ìbí, ara rẹ̀ sì ń kọ oríṣiríṣi oúnjẹ. Awọ bẹ́ẹ̀ kò lè dí nǹkan lọ́nà. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa á ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èèyàn kò gbọ́dọ̀ fi ìpara tí wọ́n rà lọ́jà lásán pa ọmọ náà lára. Èkejì ni èyí tí Vera Price fún lórúkọ ní 1980, trichothiodystrophy: imí-ọjọ́ inú irun ò tó ìdajì iye tó yẹ, irun ń kán wẹ́wẹ́, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì ni sẹ́ẹ̀lì kò ti lè tún DNA tí oòrùn bà jẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ pàtàkì kan wo irun náà lábẹ́ maikirosikóòpù, ìlà dúdú àti funfun á hàn lára rẹ̀.

Báwo ni òbí tí ara wọn le ṣe ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò AS àti AA kí ó tó ṣègbéyàwó ti mọ ìdáhùn. Bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ìrètí pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Naxos, Netherton àti trichothiodystrophy ń tọ ọ̀nà kan náà: bàbá gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, kò hàn lára àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé AS pọ̀ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà, àwọn jíìnì irun wọ̀nyí sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀, bí kò ṣe pé tọkọtaya jẹ́ ìbátan. Ní Pakistan, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń fẹ́ ọmọ àbúrò, ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jíìnì irun tí ayé mọ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti rí i. Èèwọ̀ tí Yorùbá fi de ìgbéyàwó láàárín ẹbí ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ ọmọ láìmọ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí àléébù náà kò ti ọ̀dọ̀ òbí kankan wá, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ ń di ọlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Kò sí nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí èyí tí ohun tí ìyá jẹ, ibi tó rìn lọ́sàn-án nígbà oyún, tàbí ọ̀tá ilé kan dá sílẹ̀.

Ohun tó ń fúnni ní ìrètí ni pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò wọ́n. Maikirosikóòpù tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní láàbù kékeré ti tó láti rí ìlẹ̀kẹ̀ monilethrix, ìlọ́po irun Menkes àti oríkèé oparun ti Netherton. Kí wọ́n gé irun mélòó kan ní ìdí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbà nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ní ibi tí wọ́n ti lè ṣe é. Láti 1907 ni George Green, dókítà ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀. Ilé ìwòsàn yẹn ló di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH náà wà nínú ìlú. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ti ibẹ̀, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 100.

Kò tíì sí oògùn tó ń tún irun wọ̀nyí ṣe. Ohun tó wà ni ìtọ́jú tí kò ní jẹ́ kí ó burú sí i: kí wọ́n má fi òwú tàbí ìdirun líle fa orí ọmọ, kí wọ́n má fi rilásà tàbí iná kàn án, kí wọ́n máa fi òróró díẹ̀ rọ̀ ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó kúrú. Ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìyókù ara, ti ọkàn, ti awọ, ti eyín, ti ọpọlọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Onídìrí àti onígbàjámọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rí irun tí kò dára, kí dókítà tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Tákìé, ní Ọjà Jagun, ní Ọ̀yọ́ àti níbikíbi, bí ẹ bá rí irun ìkókó tó ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ fún ìyá rẹ̀ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kó mú káàdì ìwọ̀n rẹ̀ dání, kó sì sọ ìtàn gbogbo ọmọ tó ti kú nínú ẹbí. Ẹ má sì fá irun náà kí dókítà tó rí i, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.